Ilẹ̀kùn Tí Wọ́n Ní Kí Bibiane Tì

Ta ló ba ilẹ̀kùn jẹ́? Ẹ gbọ́ ìbéèrè! Wọ́n jókòó sí ọ́fíìsì wọn tó móoru, wọ́n mu kọfí yó, wọ́n kọ lẹ́tà, wọ́n lu òǹtẹ̀ sí i, wọ́n ní kí helikọ́pítà gbé e wá fún ìyá ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rin tó ń se oúnjẹ fún wọn pé kó wá sọ ẹni tó ba ilẹ̀kùn jẹ́. Kí oṣù Karùn-ún tó parí ni o. Bí kò bá ṣàlàyé, wọ́n á gba alásè mìíràn, wọ́n á sì gbé ilẹ̀kùn irin wá. Wọn ò bèèrè ẹni tó ṣì ń mí lónìí nítorí ilẹ̀kùn yẹn. Ilẹ̀kùn nìkan ló dùn wọ́n.

Ó dáa. Ṣé àlàyé ni wọ́n fẹ́? Wọ́n á gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n a ò ní bẹ̀rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, torí ẹni tó bá dúró síta ò lè mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú ilé.

Bibiane lorúkọ ìyá náà. Ní Nuussik, abúlé wa tó wà létí òkun olótùútù yìí, Aanaa ni gbogbo wa ń pè é, bí ọmọ ṣe ń pe ìyá àgbà ẹ̀, àwọn tó jù ú lọ gan-an ń pè é bẹ́ẹ̀. Obìnrin kúkúrú ni, eyín iwájú ẹ̀ ti jẹ tán nítorí awọ síìlì, ẹran inú òkun, tó ti ń rún lẹ́nu látìgbà tó wà lọ́mọbìnrin, kí awọ náà lè rọ̀ fún bàtà. Ilé-ìwé tó lọ ò ju ọdún márùn-ún. Ṣùgbọ́n tó bá gbójú sókè tó ní, "Ẹ̀fúùfù ń bọ̀," má bá a jiyàn, lọ so ọkọ̀ ojú omi ẹ mọ́lẹ̀.

Ilé àwọn awọnyìnyín, ìyẹn àwọn onímọ̀ tó ń wọn yìnyín, wà ní òdìkejì ọ̀sà, lẹ́sẹ̀ òkè yìnyín, ìrìn ọjọ́ kan gbáko tí ajá bá ń fa ọkọ̀ lórí yìnyín. Ilé pákó pupa ni, yàrá méjì àti ibi ìdáná. Nínú oṣù Kẹfà làwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ máa ń dé láti ìlú wọn, wọ́n á ri ọ̀pá mọ́ inú yìnyín, wọ́n á máa wo bó ṣe ń yọ́ sí, tí oṣù Kẹjọ bá fi máa parí wọ́n ti lọ. Oṣù mẹ́sàn-án tó kù, ilé náà á dá wà nínú òtútù. Ẹ má rò pé ó ń sinmi o. Ìgbà yẹn gan-an ló ń ṣiṣẹ́.

Ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n sẹ́yìn ni Bibiane mọ iṣẹ́ ilé yẹn, nínú oṣù Kejì. Òun àti Enok ọkọ ẹ̀ ń bọ̀ láti ibi ọdẹ nígbà tí yìnyín orí òkun là lábẹ́ Enok. Ó wọ omi dé ìbàdí. Kí Bibiane tó fà á jáde, ṣòkòtò ẹ̀ ti gan bíi pákó. Ó gbé e sórí ọkọ̀, ó dorí àwọn ajá kọ òdìkejì ọ̀sà, torí Nuussik ti jìnnà jù. Kò dé ilé àwọn awọnyìnyín rí. Ó ṣáà mọ̀ pé ilé kan wà níbẹ̀.

"Enok, sọ̀rọ̀!"

"Kí n sọ kí ni?"

"Ohunkóhun. Bú mi."

"O... o ò mọ ọbẹ̀ sè."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Má dákẹ́ o."

"Ìyá ẹ náà ò mọ̀ ọ́n sè."

"Máa bú wa lọ, ọkọ mi. Ìyá mi ti gbọ́."

Báyìí ni Enok bú ìdílé ìyàwó ẹ̀ débi tí ẹnu ẹ̀ ò yí mọ́. Ìgbà tí wọ́n dé ẹnu ilé náà, ìka ọwọ́ Bibiane mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ti kú. Kò lè di nǹkan kan mú. Ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn yẹn ò ní kọ́kọ́rọ́. Èèkàn igi lásán ni wọ́n fi há a, èyí téèyàn lè fi ìgúnpá gbá dànù. Inú ló sì máa ń ṣí sí, kì í ṣí síta, kí òjò dídì tó bá kó jọ sẹ́nu ọ̀nà má bàa dí èèyàn mọ́ta. Bibiane gbá a, ó fi èjìká tì í, ó wọ́ Enok wọlé.

Ẹ wá wo ohun tó bá nílé. Wọ́n ti to igi wẹ́wẹ́ sínú sítóòfù, pèlẹ́bẹ́ pèlẹ́bẹ́, èyí tó tín-ín-rín jù wà nísàlẹ̀. Páálí ìṣáná wà lórí ẹ̀, ní ṣíṣí. Wọ́n sì ti fa igi ìṣáná mẹ́ta jáde dé ìdajì. Ìdí nìyí: ẹni tí ìka ẹ̀ ti kú ò lè ṣí páálí ìṣáná, ṣùgbọ́n tó bá ṣì ní eyín, ó lè fi eyín fà á. Bibiane fi eyín fa ìkíní, ó ṣẹ́. Ó fa ìkejì, ẹ̀fúùfù ẹnu ọ̀nà pa á. Ó fi ẹsẹ̀ ti ilẹ̀kùn dé, ó fa ìkẹta.

Ìkẹta ràn.

Kẹ́tù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ sítóòfù, omi inú ẹ̀ ti di yìnyín, wọn ò bù ú dé ẹnu kó má bàa fọ́ kẹ́tù. Ẹni tó gbé e síbẹ̀ ti rò ó tẹ́lẹ̀ pé ẹni tó ń bọ̀ ò ní lágbára àtijáde lọ wá omi. Bibiane gbé e ka iná. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó bú sẹ́kún.

Enok la ojú kan. "Ṣé mo ti kú ni?"

"O ò tíì kú."

"Kí lò ń sunkún sí nígbà náà?"

"Ẹni tí ò mọ̀ mí rí ló to iná sílẹ̀ dè mí."

Ọjọ́ mẹ́rin ni wọ́n lò níbẹ̀. Wọ́n jẹ ọkà ọ́ọ̀tì àwọn awọnyìnyín, wọ́n jẹ ẹran inú agolo wọn, wọ́n mu kọfí wọn. Nígbà tí wọ́n ń lọ, wọ́n fi awọ síìlì méjì àti apá ẹran kan sílẹ̀, Bibiane gbálẹ̀, ó tún iná tò, ó fa ìṣáná mẹ́ta jáde dé ìdajì. Bí a ṣe ń ṣe é nìyẹn. O mú ohun tó ò ní, o fi ohun tó o ní sílẹ̀. Ẹnikẹ́ni kì í gbé e sórí òṣùwọ̀n. Ẹni tí ò bá ní nǹkan kan rárá á la igi.

Nínú oṣù Kẹfà, ìyá aláwọ̀ funfun kan báyìí gun ọkọ̀ ojú omi wá sí Nuussik, ó ń bèèrè ẹni tó ni awọ síìlì méjì. Inge lorúkọ ẹ̀, òun ni olórí àwọn awọnyìnyín. Wọ́n mú un dé ilé Bibiane. Ó bọ́ fìlà ẹ̀, ó dúró láàárín ilé.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú," ló sọ. "Ẹ wá sílé mi, ẹ ò bá mi nílé."

Enok rẹ́rìn-ín títí ó fi ń wúkọ́. "A bá iná nílé, màdáàmù. Iná tọ́jú wa dáadáa."

Ibẹ̀ ni Inge ti sọ fún wọn pé òun kọ́ ló dá ọgbọ́n ìṣáná mẹ́ta sílẹ̀. Ó ní bàbá arúgbó kan ní Nuussik ló kọ́ òun lọ́dún tí wọ́n kọ́lé náà, pé bàbá náà ní kí òun má ti ilẹ̀kùn láéláé, torí òtútù kì í dúró kí wọ́n wá ṣílẹ̀kùn.

"Kí lorúkọ bàbá náà?" Bibiane bi í.

"Mo ti gbàgbé. Etí ẹ̀ kan ti gé."

Bibiane gbé ọwọ́ lé ẹnu. Bàbá àgbà ẹ̀ nìyẹn, tó ti kú kí òun tó lọ́kọ.

Inge ní ṣé ó máa wá máa se oúnjẹ fún àwọn nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Enok tètè dáhùn, "Màdáàmù, ẹ ti gbọ́ ohun tí mo sọ nípa ọbẹ̀ ẹ̀ lórí yìnyín?" Bibiane fi aṣọ ìnuwọ́ lù ú. Ó lọ. Láti ọdún tó tẹ̀ lé e, ẹ̀ẹ̀rùn mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ló ti fi lọ báyìí. Wọ́n ń sanwó fún un, kò burú, ṣùgbọ́n owó kọ́ ló gbé e lọ. Ọdún mọ́kàndínlógún ni Enok tún lò láyé lẹ́yìn ọjọ́ yẹn. Wọ́n bí ọmọ méjì sí i. Ó rí ọmọ-ọmọ. Ó kú sórí ibùsùn ara ẹ̀ ní ọdún mẹ́sàn-án sẹ́yìn, ó ń bú ọbẹ̀ ìyàwó ẹ̀. Gbogbo ìyẹn, inú páálí ìṣáná ló ti jáde.

Nítorí náà, ní ìparí oṣù Kẹjọ lọ́dọọdún, tí àwọn onímọ̀ ti kó ẹrù wọn sínú ọkọ̀ tí wọ́n ń pariwo pé kó máa bọ̀, Bibiane á sọ pé kí wọ́n dúró. Á kó eérú kúrò nínú sítóòfù, á to igi, á bu omi sí kẹ́tù, á rọ kẹrosín sí fìtílà, á fa ìṣáná mẹ́ta jáde. Á wá fi ọwọ́ kan ara ògiri. "O ṣé, ilé."

Ọdẹ kan wà tí wọ́n ń pè ní Jairus, òun ló máa ń fi ọkọ̀ ojú omi gbé e lọ gbé e bọ̀. Kì í yé fi í ṣe yẹ̀yẹ́. "Aanaa, ṣé ilé dáhùn?"

"Ó dáhùn. Ó ní kí n sọ fún ẹ kó o máa nu ẹsẹ̀ ẹ."

Ara Inge ti dara àgbà nígbà tó yá, orúnkún ẹ̀ ò gba òkè mọ́, ó fẹ̀yìn tì. Ní ọdún tó kọjá, Kasper dé. Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́, ọ̀dọ́mọkùnrin tó mọ iṣẹ́ ẹ̀ ni, ó mọ yìnyín bí ẹní mọ ọmọ ìyá ẹ̀. Ó mọ èèyàn kí. Èèyàn gan-an ni kò tíì mọ̀.

Yìnyín dí ọ̀sà lọ́dún yẹn, kò jẹ́ kí Bibiane tètè dé. Helikọ́pítà ti gbé Kasper àtàwọn ọmọlẹ́yìn ẹ̀ síwájú ẹ̀ lọ́jọ́ méjì. Nígbà tí Bibiane gúnlẹ̀, Kasper ń dúró dè é létí omi.

"Aanaa, olè wọlé wa."

"Olè? Níbí?"

"Wọ́n jí kọfí. Wọ́n jí agolo ẹran. Ìdajì kẹrosín ti lọ."

"Kí ni wọ́n fi sílẹ̀?"

"Wọn ò fi nǹkan kan sílẹ̀ àfi ìdọ̀tí. Àpò ẹja gbígbẹ tó ń rùn, àti ìbọ̀wọ́ onírun kan."

"Ìbọ̀wọ́ náà dà?"

"A ti sun ún, Aanaa, pẹ̀lú àwọn ìdọ̀tí yòókù. Ẹ má ṣèyọnu, a ti gbálẹ̀ mọ́."

Bibiane yíjú wo kòtò tí wọ́n ti sun ìdọ̀tí náà. Ó mọ ìbọ̀wọ́ yẹn. Jairus ló wọbẹ̀ nínú oṣù Kẹta, nígbà tí ìjì ká a mọ́ ojú ọ̀nà, ó sì ti sọ fún un fúnra ẹ̀ pé, "Aanaa, mo fi ìbọ̀wọ́ Sabine sílẹ̀ fún wọn o." Sabine ni ìyàwó Jairus. Ó kú nígbà tí òtútù ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lọ́dún tó ṣáájú, ìbọ̀wọ́ yẹn ló rán kẹ́yìn. Jairus ò ní ohun tó dára jù ú lọ. Ìdí tó fi fi í sílẹ̀ nìyẹn.

Ó ṣàlàyé fún Kasper. Ó ṣàlàyé ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Kasper ń mi orí, ó ń sọ pé, "Ó yé mi, Aanaa," ṣùgbọ́n ó ti kọ̀wé sí ọ́fíìsì wọn pé olè wà ní ọ̀sà yìí, ọ́fíìsì sì ti dáhùn. Ní ìparí oṣù Kẹjọ, helikọ́pítà gbé àgádágodo kan wá, ó tó orí ọmọ tuntun. Kasper fúnra ẹ̀ ló fi sukúrù mẹ́rin kan irin ẹ̀ mọ́ òpó ẹnu ọ̀nà.

"Aanaa, tẹ́ ẹ bá ti ṣe ohun tẹ́ ẹ máa ń ṣe tán, ẹ tì í."

"Béárì ò mọ àgádágodo, ọmọ mi. Ojú fèrèsé ló máa ń gbà."

"Kì í ṣe nítorí béárì."

Bibiane to igi, ó bu omi, ó fa ìṣáná mẹ́ta. Ó jáde, ó ti ilẹ̀kùn bí wọ́n ṣe ní kó tì í. Ó wọkọ̀. Wọ́n ti wa ọkọ̀ kúrò ní èbúté díẹ̀ kí Kasper tó rántí.

"Aanaa, kọ́kọ́rọ́ dà?"

"Ó wà lára ìṣó."

"Ìṣó wo?"

"Èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Mo so aṣọ pupa mọ́ ọn kí ẹni tó bá ń bọ̀ lè tètè rí i."

Kasper ń wò ó. "Kí wá ni ìwúlò àgádágodo náà, Aanaa?"

"Ohun tí mo ti fẹ́ bi ẹ́ láti àárọ̀ nìyẹn."

Jairus tó ń wakọ̀ rẹ́rìn-ín débi pé ọkọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ gun yìnyín. Kasper ò rẹ́rìn-ín. Ó ní kí wọ́n padà, ó já kọ́kọ́rọ́ náà, ó fi í sápò àyà. Ó gbé e wọ ọkọ̀ òfuurufú. Kọ́kọ́rọ́ ilé tó wà lọ́dọ̀ wa, ìlú tó jìnnà tó ẹgbẹ̀rún máìlì ló ti lọ lo ìgbà òtútù!

Bibiane ò sùn dáadáa lẹ́yìn náà. Nínú oṣù Kẹsàn-án, kí òkun tó dì, ó lọ bá Jairus.

"Mo gbàgbé abẹ́rẹ́ mi sódìkejì."

"Abẹ́rẹ́? Aanaa, nítorí abẹ́rẹ́ kan?"

"Abẹ́rẹ́ dáadáa ni."

Jairus gbé e lọ, kò bèèrè mọ́. Ó jókòó sínú ọkọ̀ ẹ̀, ó kọ ẹ̀yìn sí ilé náà, torí ó mọ̀ pé àgbàlagbà tó bá ń wá abẹ́rẹ́ kì í fẹ́ kí wọ́n bá òun wá a. Bibiane fi ṣóńṣó ọ̀bẹ tó fi ń bó síìlì tú sukúrù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kúrò lára òpó. Kò fọwọ́ kan àgádágodo o. Ó gbẹ́ èèkàn igi mẹ́rin wẹ́wẹ́, ó tẹ̀ wọ́n sí ojú ihò sukúrù. Ilẹ̀kùn dúró digbí, àgádágodo wà ní títì bí Kasper ṣe fẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fi èjìká tì í, á wọlé. Kó tó tẹ̀ wọ́n síbẹ̀, ó ti kó sukúrù náà sínú agolo kọfí, ó ti gbé e sórí pẹpẹ inú ilé fún ẹni tó ni ín.

"O ṣé, ilé," ló sọ. "Má bínú sí wọn."

Nínú oṣù Kejì ọdún yìí, Jairus àti Pauline ọmọ ẹ̀ obìnrin, ẹni ọdún mẹ́rìnlélógún tó mọ ajá dà ju ọkùnrin lọ, wà lórí yìnyín nígbà tí ìjì dé. Ọjọ́ márùn-ún ni ìjì náà fi jà. Níbí, a kó sínú ṣọ́ọ̀ṣì, a ń kọrin, a ò wo ojú ara wa. Bibiane nìkan ni kò sunkún. Ó ń ka nǹkan lábẹ́ ẹnu: igi, omi, kẹrosín, mẹ́ta. Igi, omi, kẹrosín, mẹ́ta. Ní ọjọ́ keje, ajá gbó lórí òkun. Pauline ló kọ́kọ́ wọlé, òtútù ti sọ ìmú ẹ̀ di dúdú, ó gbá Bibiane mọ́ra.

"Aanaa, ìkejì ló ràn!"

"Ìkejì? O yá jù mí lọ. Tèmi, ìkẹta ni."

Jairus ń bọ̀ lẹ́yìn, ó ń tiro. Ó ní, "Aanaa, a rí abẹ́rẹ́ yín."

Ẹ̀yin ará, ẹ bá wa dúpẹ́. Kì í ṣe ẹnu ni a fi ń sọ ọ́. Òkú méjì ni ì bá wà ní Nuussik lọ́dún yìí, kò sí ọ̀kan. A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. A dúpẹ́ lọ́wọ́ Inge níbikíbi tó bá wà. A dúpẹ́ lọ́wọ́ bàbá olétí kan. A ń dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn awọnyìnyín náà, torí bí wọn ò bá kọ́ ilé síbẹ̀, kí ni Bibiane ì bá to iná sí?

Èèkàn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti ṣẹ́ nígbà tí Pauline já lu ilẹ̀kùn, nítorí náà okùn ni Jairus fi so ó nígbà tí wọ́n ń lọ. Ohun tí helikọ́pítà rí nínú oṣù Kẹrin nìyẹn nígbà tó wá já epo sílẹ̀: okùn, àti àgádágodo tó ń mì dirodiro. Ìyẹn ló bí lẹ́tà.

Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, wọ́n ka lẹ́tà náà nílé ìdáná Bibiane. Pauline ló kà á, òun ló gbọ́ èdè wọn jù. Ó kà á tán, ó mú bírò, inú ń bí i. "Aanaa, ẹ jẹ́ kí n bú wọn."

"O ò ní bú wọn. Kọ ohun tí mo bá sọ. Kọ ọ́ pé, Kasper, ọmọ mi, o kú òtútù. Èmi ni mo tú u. Sukúrù ẹ wà nínú agolo kọfí."

"Aanaa!"

"Kọ ọ́. Kọ ọ́ pé mo dúpẹ́ fún ẹ̀ẹ̀rùn mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n. Pé mo dúpẹ́ fún Enok. Kọ ọ́ pé bí wọ́n bá gba alásè mìíràn, kí wọ́n jẹ́ kó wá bá mi, màá kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń to igi. Ṣùgbọ́n kí wọ́n má gbé ilẹ̀kùn irin wá. Irin ò ṣeé fi èjìká tì." Ó bu kọfí fún Jairus. "Kọ ọ́ pé kò sólè níbí. Pé ìbọ̀wọ́ tó sun nínú kòtò yẹn..."

Jairus gbórí sókè. "Ìbọ̀wọ́ wo?"

Bibiane mú ojú wálẹ̀. Oṣù mọ́kànlá ló fi gbé e mì.

"Aanaa. Ìbọ̀wọ́ wo?"

"Wọ́n rò pé ìdọ̀tí ni, Jairus."

Jairus dìde, ó wọ bàtà ẹ̀, ó jáde lọ síbi tí àwọn ajá ẹ̀ wà, ó dúró láàárín wọn títí kọfí fi tutù. Nígbà tó padà, ó ní kí Pauline máa kọ ọ́ lọ, pé ibi tí ọpẹ́ wà yẹn dáa, kó má pa á rẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni lẹ́tà náà lọ, kò sí èébú kankan nínú ẹ̀.

Ṣùgbọ́n àwa tó kù ò kọ lẹ́tà o, a ò sì ní ìfaradà Bibiane. Àwọn àgbà tó kọ́ wa lọ́rọ̀ ní ẹni a ṣe lóore tí ò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Bibiane dúpẹ́. Jairus dúpẹ́, ohun tí òkú ìyàwó ẹ̀ fi sílẹ̀ ló fi dúpẹ́. Ta wá lolè? Oṣù Kẹfà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé, helikọ́pítà á balẹ̀, gbogbo Nuussik á sì wà létí omi. Ìwọ tó o gbé kọ́kọ́rọ́ lọ, tó o sun ìbọ̀wọ́ Sabine: Bibiane ti dáhùn tiẹ̀. Sọ̀kalẹ̀, kó o wá dáhùn tìẹ.